Ibi Tí Àtọ́ka Máa Ń Sáré Lọ

Nígbà láéláé, nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣì wúwo tó àpótí aṣọ, Àtọ́ka kì í ṣẹ́jú.

Ẹ mọ Àtọ́ka. Òun ni ìlà tín-ín-rín tó máa ń dúró lójú kọ̀ǹpútà, níbi tí lẹ́tà tó ń bọ̀ yóò jókòó sí. Ó rí bí ẹyọ ìgbálẹ̀ kan tí wọ́n nà dúró. Lóde òní, bí ẹ bá wò ó, ẹ ó rí i, ẹ ò ní rí i mọ́, ẹ ó tún rí i. Kò rí bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà yẹn. Bó bá ti dúró síbì kan, ibẹ̀ náà ló wà. Lẹ́tà á wá jókòó tì í, á sún díẹ̀, òmíràn á tún wá.

Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ nìkan ló ń dúró. Inú rẹ̀ kì í dúró. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ lẹ́yìn kọ̀ǹpútà, á bi ara rẹ̀ pé, "Kí nìyẹn?" Bí kò bá sì fẹ́, á ní, "Kí ló dé tí gbogbo ilé fi dákẹ́ báyìí?"

Ilé Ìkọ̀wé ni wọ́n ń pe ilé tí ó ń gbé. Ẹni tó ni ilé náà wà lẹ́yìn gíláàsì, níta. Àwọn ará ilé kò rí ojú rẹ̀ rí. Ìka ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni wọ́n mọ̀, nítorí náà Ìka-Mẹ́wàá ni wọ́n ń pè é.

Ní àkókò tí mò ń sọ yìí, Ìka-Mẹ́wàá ń ṣe iṣẹ́ kan fún ilé-ìwé kan. Ó ń kọ ohun tí yóò máa lu agogo ilé-ìwé náà fúnra rẹ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni fa okùn. Èdè kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní Rúbì ló fi ń kọ ọ́. Rúbì alára ń gbé lẹ́yìnkùlé, ojú rẹ̀ ń dán, ohùn rẹ̀ ń já gaara. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti ka ohun tí wọ́n kọ sókè, kí ó sì ṣe é gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́.

Àtọ́ka bí ọmọ méje nídìí iṣẹ́ agogo yìí. Àyẹ̀wò ni orúkọ ìdílé wọn. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ni ọmọ kọ̀ọ̀kan gbé lérí. Ìbíwùmí, àkọ́bí, gbé, "Ṣé agogo máa lù ní aago mẹ́jọ àárọ̀?" Ọmọ tó tẹ̀ lé e gbé, "Ṣé ó máa lù nígbà tí a bá fẹ́ lọ jẹun?" Bẹ́ẹ̀ ló lọ títí dé orí àbíkẹ́yìn, Dúróoríkẹ́, tí ìyá rẹ̀ bí láàárọ̀ ọjọ́ tí ìtàn yìí ṣẹlẹ̀ gan-an. Ìbéèrè tirẹ̀ tóbi ju orí rẹ̀ lọ: "Ṣé agogo máa dákẹ́ lọ́jọ́ ọlidé?"

Kí iṣẹ́ tó lè jáde nílé, ọmọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ lọ bi Rúbì ní ìbéèrè orí rẹ̀. Bí iṣẹ́ náà bá yege, ara ọmọ á di àwọ̀ ewé. Bí kò bá yege, ara ọmọ á pupa.

Tẹ́lẹ̀, Àtọ́ka fúnra rẹ̀ ló ń kó wọn lọ. Á fi ojú-ìwé sílẹ̀, á gba inú yàrá dúdú tó wà láàárín ilé àti ẹ̀yìnkùlé kọjá, á pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú Rúbì. Kó tó padà dé, lẹ́tà á ti kún ẹnu ilẹ̀kùn, wọ́n á máa ti ara wọn gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n. Ọ̀rọ̀ náà sú Ìka-Mẹ́wàá. Ló bá lọ mú Àfikún wá láti òkèèrè, kí ó wá kún ilé, kí ó sì máa kó àwọn ọmọ lọ fún ìyá wọn.

Ọ̀sán ọjọ́ tí wọ́n bí Dúróoríkẹ́ ni Àfikún dé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀, ó sì gbé ìwé pẹlẹbẹ kan há abíyá.

"Ẹ kú ilé o, Màmá," ló wí. "Èmi ni wọ́n ní kí n máa kó àwọn ọmọ lọ. Kì í rẹ̀ mí, n kì í sọnù, n kì í yà síbi tí wọn kò rán mi. Ìwé ètò mi nìyí. Ìlà mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Ẹ bá mi kọ nǹkan sí i, n ó sì máa lọ."

"Ẹ káàbọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Àfikún," ni Àtọ́ka wí. Kò tilẹ̀ wo ìwé náà. Orí Dúróoríkẹ́ ló ń wò. "Ta ló gbé ìbéèrè yìí lé ọ lórí báyìí? Ó ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Dúró jẹ́ẹ́."

"Ìlà kìíní," ni Àfikún ń kà lọ, "ẹnu-ọ̀nà wo ni kí n gbà jáde? Ìlà kejì, Rúbì wo ni kí n lọ bá? Ìlà kẹta, ṣé ìyá á dúró dè wá ni, àbí á máa bá iṣẹ́ lọ?"

"Ìbíwùmí, di ọwọ́ àbúrò rẹ mú. Má fi sílẹ̀ kódà bí imú bá ń yún ọ. Bí wọ́n bá béèrè orúkọ yín, ẹ dáhùn ketekete. Ẹ má ṣe kùn."

"Màmá, ìwé mi."

"Ẹ jẹ́ kí n so èyí ná. Ìwọ, aṣọ rẹ dà? O fẹ́ lọ bá Rúbì báyìí?"

"Màmá, ìlà mẹ́ta péré ni o. Bí ẹ bá fi òfìfo sílẹ̀, ibi tí ẹsẹ̀ mi bá kọ́kọ́ kàn ni n ó yà sí. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn. N kì í fi ọgbọ́n orí mi kún un."

Àtọ́ka yíjú sí i. "Ọ̀gbẹ́ni, Rúbì mélòó ló wà láyé tí ẹ fi ń béèrè Rúbì wo? Ẹnu-ọ̀nà ni ẹnu-ọ̀nà. Ẹ má dá mi dúró. Oòrùn ń lọ. Ẹ kó wọn lọ, kí ẹ tètè kó wọn bọ̀."

Obìnrin kan wà nítòsí tó ń gbọ́ gbogbo èyí. Àlàfo ni orúkọ rẹ̀. Òun ló máa ń jókòó sáàárín ọ̀rọ̀ méjì. Ó fẹ̀ bí ẹní, ó dàgbà ju gbogbo lẹ́tà lọ, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

"Ìyá Ìbíwùmí," ló wí, "kọ nǹkan sínú ìwé ọkùnrin yìí."

"Ẹ̀gbọ́n, bí wọ́n bá dé ni n ó kọ ọ́."

Àfikún gbé èjìká. Ó pa ìwé rẹ̀ dé, ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣófo. Ó to àwọn ọmọ méje sẹ́yìn, wọ́n sì jáde. Dúróoríkẹ́ bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà, a kò rí i mọ́.

Bí wọ́n ṣe lọ tán ni Àtọ́ka wá kọjú sí ọ̀nà. Ó la ojú rẹ̀ kalẹ̀, kò pa á dé. Ó ní bí òun bá pa á dé, ó lè jẹ́ ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n á yọ.

Ó dúró. Ó dúró. Ó ń ka ìṣẹ́jú.

Lẹ́tà R dé láti ọ̀dọ̀ Ìka-Mẹ́wàá, ó fẹ́ jókòó. "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ sún fún mi."

Àtọ́ka kò gbọ́. Ọ̀nà ló ń wò.

Lẹ́tà E dé, ó dúró lẹ́yìn R. Òmíràn dé. Òmíràn tún dé.

"Kí ló ń ṣẹlẹ̀ níwájú níbẹ̀?" ni ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn.

"Màmá ti sùn lórí ìdúró!"

"Irọ́ ni, ojú rẹ̀ là sílẹ̀!"

"Ẹja pàápàá ń la ojú sùn!"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn tó kù ń bínú. Síbẹ̀ Àtọ́ka kò sún, nítorí gbogbo ọkàn rẹ̀ ti bá àwọn ọmọ lọ. Ojú-ìwé dúró gbagidi. Kò sí lẹ́tà tó lè wọlé, kò sí èyí tó lè jáde. Wọ́n ń gbọ́ ìka tó ń tẹ bọ́tìnì lókè, pà, pà, pà, kò sì sí ohun tó yí padà.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Àfikún yọ. Òun nìkan.

Àtọ́ka wo ẹ̀yìn rẹ̀. "Àwọn ọmọ mi dà?"

Àfikún tú ìwé pupa kan sílẹ̀ láti òkè ojú-ìwé dé ìsàlẹ̀. Ìwé náà gùn, kò lópin. Orúkọ gbogbo ẹni tó pàdé lọ́nà ló wà níbẹ̀, àti ìlà tí ó ti pàdé wọn, àti ẹni tó rán ẹni tó rán ẹni tó pè é.

Àtọ́ka fà á mọ́ra. Ìsàlẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí kà á. Ó ka orúkọ tí kò mọ̀. Ó ka nọ́ńbà. Ó tún ka orúkọ tí kò mọ̀. "Kí ni gbogbo èyí? Ibo ni wọ́n kọ orúkọ Dúróoríkẹ́ sí?"

"Òkè, ìyá," ni Àlàfo wí jẹ́jẹ́. "Kúrò nísàlẹ̀. Ìlà àkọ́kọ́ ni kí o kà."

Àtọ́ka gbójú sókè. Ohun tó wà ní ìlà àkọ́kọ́ nìyí: "Èmi, Rúbì Ẹnu-Odi, n kò mọ àwọn ọmọ yìí, n kò sì mọ ìbátan wọn kankan."

"Rúbì Ẹnu-Odi!" Àtọ́ka figbe ta. "Ọ̀gbẹ́ni Àfikún, ta ló rán yín lọ sẹ́nu odi?"

"Kò sí ẹni tó rán mi, Màmá. Ìwé mi ṣófo. Òun ni ẹsẹ̀ mi kọ́kọ́ kàn."

Ìgbà náà ni Àtọ́ka rántí. Nígbà tí wọ́n ń ṣe kọ̀ǹpútà náà, àwọn tó ṣe é fi bàbá arúgbó kan sẹ́nu odi. Rúbì ni orúkọ tirẹ̀ náà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti tú páálí kúrò lára kọ̀ǹpútà, bàbá náà kò kọ́ ọ̀rọ̀ tuntun kan. Oorun ló máa ń sùn. Àwọn ará Ilé Ìkọ̀wé kì í bá a da nǹkan kan pọ̀. Bí wọ́n bá ní Rúbì, Rúbì tó wà lẹ́yìnkùlé ni wọ́n ń sọ, gbogbo ilé ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àlejò nìkan ni kò mọ̀.

"Ẹnu-ọ̀nà wo ni ẹ gbà jáde?"

"Fèrèsé. Òun ló ṣí sílẹ̀."

Àtọ́ka gbá orí mú. Lẹ́nu-ọ̀nà ilé ni ìwé ìdílé so kọ́ sí. Orúkọ gbogbo ìbátan ló wà nínú rẹ̀: ẹ̀gbọ́n tó mọ aago kà, àti àbúrò bàbá tó mọ gbogbo ọjọ́ ọlidé lórí kàlẹ́ńdà. Ẹni tó bá gba ẹnu-ọ̀nà náà jáde, àwọn ìbátan yìí á dìde tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá gba fèrèsé, òun nìkan ló ń lọ. Báyìí ni Àfikún ṣe kó àwọn ọmọ Àtọ́ka jáde láìní ẹbí kankan lẹ́yìn wọn.

"Wọ́n wà níbo báyìí?"

"Bàbá náà ní kí wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri títí ẹni tó mọ̀ wọ́n á fi dé. Gbogbo ara wọn ti pupa. Èyí tó kéré jù ń béèrè yín."

Àtọ́ka kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó ti ká ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀ láti sáré lọ.

"Má lọ!" ni Àlàfo wí. Kò jọ ohùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀. "Ìyá Ìbíwùmí, gbọ́. Ka ìka tó wà lórí wa."

Gbogbo ilé dákẹ́. Wọ́n kà. Ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Wọ́n kà á dé mẹ́sàn-án.

"Ìkẹwàá dà?" ni lẹ́tà R béèrè.

Wọ́n wo ẹ̀gbẹ́ gíláàsì. Òjìji ìka kan ń rìn lọ síbi bọ́tìnì iná.

Ẹ̀rù bà wọ́n. Wọ́n mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ìka-Mẹ́wàá ti rò pé ilé náà ti kú. Ó fẹ́ pa iná kó tún un tàn. Ohun tí wọ́n bá sì ti fi pamọ́, bí iná bá kú, wọ́n á tún bá a níbẹ̀. Ìbíwùmí àti àwọn tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ tó ṣáájú ni wọ́n ti fi wọ́n pamọ́. Ohun tí wọn kò bá fi pamọ́ ni iná máa ń gbé lọ. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n bí Dúróoríkẹ́. Kò sí ẹni tó tíì fi í pamọ́.

"Bí o bá sáré lọ," ni Àlàfo wí, "Ìka-Mẹ́wàá kò ní rí ọ lójú-ìwé. Á ní ilé ti kú, á tẹ bọ́tìnì. Bí o bá sì dúró, tí o ń wo ọ̀nà láìṣẹ́jú bí o ṣe ń ṣe láti ìgbà tí wọ́n ti lọ, á ní ilé ti kú, á tẹ bọ́tìnì."

"Kí ni kí n wá ṣe?"

"Ohun tí o kò ṣe kí wọ́n tó lọ."

Àtọ́ka yíjú sí Àfikún. "Ẹ mú ìwé yẹn wá."

Àfikún ṣí i. Àtọ́ka sì kọ ọ́. Ní ìlà kìíní, ó kọ: "Ẹnu-ọ̀nà ilé, níbi tí ìwé ìdílé so kọ́ sí. Kì í ṣe fèrèsé." Ní ìlà kejì, ó kọ: "Rúbì ẹ̀yìnkùlé, èyí tí ojú rẹ̀ ń dán. Kì í ṣe bàbá tó wà lẹ́nu odi." Ó kọ gbogbo rẹ̀ láìgé e kúrú, bí ẹni ń ṣàpèjúwe ọ̀nà fún ẹni tí kò dé ìlú náà rí.

Ó dé ìlà kẹta. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Ṣé ẹ ó dúró dè wá ni, Màmá," ni Àfikún béèrè, "àbí ẹ ó máa bá iṣẹ́ lọ?"

"Bí mo bá ní n ó dúró, ilé á kú mọ́ wọn lórí," ni Àtọ́ka wí. "Bí mo bá sì ní n ó máa ṣiṣẹ́ lọ bí ẹni tí kò bímọ, inú mi kò ní gbà á. Ẹ kọ méjèèjì."

"Ìwé mi kò gba méjèèjì rí."

"Ó máa gbà á lónìí. N ó sáré lọ sípẹ̀kun ojú-ìwé, n ó wo ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan, n ó sáré padà wá dúró ti lẹ́tà. N ó tún lọ. N ó tún padà. N kò ní pẹ́ níbì kankan."

Àfikún họ orí. "Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ padà kí ẹni tó ń wò yín tó sọ pé ẹ kò sí."

"Mo gbà. Ẹ̀yin náà, ẹ ṣe nǹkan kan fún mi. Bí ọmọ kan bá ti yege, ẹ má dúró dìgbà tí gbogbo wọn bá parí. Ẹ ju àmì kan sílẹ̀ fún mi lójú ọ̀nà, kó kéré, kó rí roboto, kí n lè kà á."

"Ẹyọ kan fún ọmọ kan?"

"Ẹyọ kan fún ọmọ kan. Ẹ má jẹ́ kí n máa ronú."

"Màmá, ìyẹn nìkan ni apá mi kò ká," ni Àfikún wí, ó sì ti bẹ́ sọ́nà.

Àtọ́ka bẹ̀rẹ̀. Ó sáré lọ sípẹ̀kun, ó wo ọ̀nà. Ó sáré padà. Lẹ́tà R jókòó gbì! Ó sáré lọ, ó wo ọ̀nà. Ó sáré padà. Lẹ́tà E jókòó.

"Ẹ rọra o, Màmá, ẹ máa gbá wa dànù!"

"Bá mi sún sọ́hùn-ún, ọmọ yìí, n kò ráyè!"

Ó lọ, ó padà. Ó lọ, ó padà. Níta, òjìji ìka náà dúró lókè bọ́tìnì iná. Ìka-Mẹ́wàá rí ìlà tín-ín-rín náà tó yọ, tó wọlé, tó tún yọ. Ilé náà kò kú. Ẹnì kan ń mí nínú rẹ̀. Ìka náà gbéra díẹ̀díẹ̀, ó padà sáàárín àwọn mẹ́sàn-án yòókù.

"Mẹ́wàá," ni Àlàfo wí, ó sì mí kanlẹ̀.

Nígbà tí Àtọ́ka tún dé ìpẹ̀kun, ó rí àmì kan lójú ọ̀nà, roboto, kékeré bí hóró ọkà bàbà. Ìbíwùmí ti yege. Ó sáré padà pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó tún lọ. Àmì méjì. Ó tún lọ. Mẹ́ta, mẹ́rin. Ìgbà tó tún lọ, márùn-ún. Mẹ́fà.

Ó sáré padà, ó sáré lọ. Mẹ́fà náà ni.

Ó tún lọ. Mẹ́fà.

"Ẹ̀gbọ́n, mẹ́fà ni mo ṣì ń kà."

"Máa ṣe iṣẹ́ rẹ. Máa lọ, máa bọ̀."

"Ìbéèrè orí rẹ̀ ti tóbi jù fún un. Mo mọ̀. Mo rí i kí wọ́n tó lọ pé ó wọ́."

"Ìyá Ìbíwùmí, máa lọ, máa bọ̀."

Ó lọ. Lẹ́yìn àmì mẹ́fà náà, ó wá rí ìkeje. Ṣùgbọ́n kò rí roboto. Ó pupa.

Nígbà tí Àfikún kó wọn dé, ọmọ mẹ́fà ti di àwọ̀ ewé, wọ́n ń fò sókè. Dúróoríkẹ́ ń bọ̀ lẹ́yìn, ó pupa bí ata, ó fi ọwọ́ bo ojú.

Àtọ́ka gbá a mọ́ra. "Kí ni wọ́n fi ọ́ ṣe? Ṣé wọ́n tún ní àwọn kò mọ̀ ọ́ ni?"

"Wọ́n mọ̀ mí, Màmá," ni ọmọ náà wí láàárín ẹkún. "Rúbì ẹ̀yìnkùlé pe orúkọ mi. Ẹni tó mọ kàlẹ́ńdà dúró tì mí. Mo bi wọ́n bóyá agogo máa dákẹ́ lọ́jọ́ ọlidé. Rúbì ka iṣẹ́ náà, agogo sì lù. Ó lù gan-an. Màmá, mi ò ṣe nǹkan kan."

Àfikún tún tú ìwé pupa rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n èyí kò gùn. Àtọ́ka bẹ̀rẹ̀ láti òkè lọ́tẹ̀ yìí. Ìlà kìíní wí pé: "Ó yẹ kí agogo dákẹ́. Ó lù."

Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo iṣẹ́ tó wà lójú-ìwé.

"Kì í ṣe ìwọ," ló wí. "Iṣẹ́ náà ló ní àṣìṣe. Bí kì í bá ṣe ìwọ, wọn ì bá gbé e lọ sí ilé-ìwé bẹ́ẹ̀. Agogo ì bá máa lù lọ́jọ́ ọlidé, àwọn ọmọ ì bá máa fò dìde láti orí ẹní, wọ́n á máa wá bàtà kiri, ilẹ̀kùn kíláàsì á sì wà ní títì." Ó nu ojú ọmọ náà. "Ìwọ tó kéré jù lo rí i."

Ìka-Mẹ́wàá náà ti ka ìlà pupa. Ìka ń sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Àtọ́ka rìn sáàárín iṣẹ́, síbi tí àṣìṣe wà, àwọn lẹ́tà sì tò tẹ̀ lé e: bí òní bá jẹ́ ọjọ́ ọlidé, dákẹ́. Ìlà kan péré ni.

Wọ́n tún rán Dúróoríkẹ́ jáde. Kò bojú wẹ̀yìn lọ́tẹ̀ yìí. Àtọ́ka ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Ní ìgbà kẹrin tó dé ìpẹ̀kun, àmì kan wà lójú ọ̀nà. Ó kéré, ó sì rí roboto.

Nígbà tí ọmọ náà wọlé, ewé àkọ́yọ kò tutù tó ara rẹ̀. Ìka méjì sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì fi í pamọ́ pẹ̀lú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Iná ìbáà kú, iná ìbáà tàn, Dúróoríkẹ́ ti wà nílé.

Iṣẹ́ tán. Àwọn lẹ́tà jókòó, wọ́n na ẹsẹ̀. Àfikún ti ìwé rẹ̀ bọ abíyá, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Àlàfo ń wo Àtọ́ka.

Àtọ́ka ṣì ń lọ. Ó ṣì ń bọ̀.

"Ìyá Ìbíwùmí," ni Àlàfo wí, "mélòó ni ọmọ rẹ?"

"Méje."

"Mélòó ló wà nílé?"

"Méje."

"Ara wọn ńkọ́?"

"Àwọ̀ ewé ni gbogbo wọn."

"Wọ́n ti fi wọ́n pamọ́, àbí wọn kò tíì fi wọ́n pamọ́?"

"Wọ́n ti fi wọ́n pamọ́."

"Kí lo wá ń sáré lọ wò?"

Àtọ́ka ti lọ. Ó padà dé. "Kò sí nǹkan kan, ẹ̀gbọ́n. Mo kàn ń wò ó ni."

Láti ọjọ́ náà ni Àtọ́ka kò ti lè dúró jẹ́ẹ́ lójú kọ̀ǹpútà mọ́. Láti ọjọ́ náà náà ni Àfikún ti máa ń ju àmì roboto kan sílẹ̀ bí ọmọ Àyẹ̀wò kan bá yege lọ́dọ̀ Rúbì, ẹyọ kan fún ọmọ kan. Àfikún kì í sì í gbéra títí di òní, àfi bí wọ́n bá kọ́kọ́ kọ ibi tí ó ń lọ sínú ìwé rẹ̀.

Bí ẹ bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, tí ẹ kò tíì mọ ohun tí ẹ fẹ́ kọ, ẹ wo ìlà tín-ín-rín náà. Nígbà tí ẹ bá rí i, ó ti padà wá dúró tì yín. Nígbà tí ẹ kò bá rí i, ó ti sáré lọ sípẹ̀kun ojú-ìwé, ó ń wo ọ̀nà bóyá gbogbo ọmọ ti wọlé. Ẹ má kánjú pa iná. Ó ń bọ̀.